Bí Wọ́n Bá Ṣẹ̀ṣẹ̀ Sọ fún Yín Pé Ẹ Ní Àtọ̀gbẹ: Oúnjẹ Wa àti Bí A Ṣe Ń Yẹ Ṣúgà Wò Nílé

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi jẹ ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àìpọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Wọ́n ti sọ fún mi nílé ìwòsàn pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 14.2 láìtíì jẹun. Wọ́n kọ oògùn fún mi, ẹnì kan sì sọ pé, "Màmá, ẹ jìnnà sí iyán, ẹ jìnnà sí ẹ̀bà, ẹ jìnnà sí ìrẹsì." Kò sí àlàyé mìíràn. Ọmọ Kàbà ni mí, iyán ni wọ́n fi já mi lẹ́nu ọmú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí, mo sì gbọ́ràn débi pé mò ń jẹ oúnjẹ tí kò tó ọmọdé. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, mo ń kọ iṣẹ́ sójú pátákó ni ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn bò mí, ojú mi ṣú. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló sáré gbé àga sí mi nídìí. Ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù ló ń ṣe mí lọ́jọ́ náà, kì í ṣe èyí tó ga.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, wá jókòó tì mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo rò pé yóò tún ka oúnjẹ èèwọ̀ fún mi ni. Ohun tó bi mí ni pé, "Àbúrò mi, ṣé o ti bi ẹ̀jẹ̀ rẹ léèrè kó o tó sá fún iyán?" Ó ní ká yẹ ṣúgà wò kí n tó jẹun, ká tún yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, kí n wo ohun tí oúnjẹ náà ṣe nínú ara mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ bí mo ṣe ń gbé pẹ̀lú àìsàn yìí. Ọ̀nà náà ni mo fẹ́ fi hàn yín níhìn-ín, pàápàá ẹ̀yin ará ilé wa ní Kàbà, Mọpà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ àti gbogbo agbègbè Okun, níbi tí iṣu ti jẹ́ oúnjẹ, tó jẹ́ owó, tó sì jẹ́ iyì.

Ẹ gba nọ́ńbà yín sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn

Oúnjẹ bí iṣu, gàrí, ìrẹsì àti àgbàdo máa ń di ṣúgà nínú ara. Ínsúlínì ló ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà yẹn kó lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kó sì di agbára. Àtọ̀gbẹ oríṣi kejì ló pọ̀ jù láàárín àwa àgbàlagbà: ara kì í gbọ́ràn sí ínsúlínì bó ṣe yẹ mọ́, èyí tí ara ń ṣe kì í sì í tó. Oríṣi kìíní, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọmọdé àti ọ̀dọ́, yàtọ̀ pátápátá. Ara wọn kì í ṣe ínsúlínì, abẹ́rẹ́ ínsúlínì ni ẹ̀mí wọn dúró lé, wọn ò sì gbọdọ̀ dá a dúró fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ bèèrè èwo ni tiyín.

Ẹ ní kí wọ́n kọ iye tí wọ́n rí sínú ìwé fún yín, kí wọ́n sì kọ irú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe. Bí ẹ kò bá jẹun fún wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán, tí ṣúgà yín sì jẹ́ 7.0 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àtọ̀gbẹ nìyẹn. Bó bá jẹ́ àyẹ̀wò ìgbàkígbà ni, 11.1 sókè ni, pẹ̀lú àmì bí òùngbẹ, ìtọ̀ lemọ́lemọ́ àti kí èèyàn máa rù. Àyẹ̀wò kan tún wà tí wọ́n ń pè ní HbA1c, tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn hàn; 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún sókè ni tirẹ̀. Bí ẹ kò bá ní àmì kankan lára, ó tọ́ kí wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe kí wọ́n tó fi orúkọ àìsàn lé yín lórí. Kí ẹni tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó sọ fún dókítà, torí HbA1c lè ṣì wọ́n lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ pàtàkì kan rèé. Ìwọ̀n méjì ni wọ́n fi ń ka ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, mmol/L àti mg/dL. Nọ́ńbà tí mò ń kọ yìí, mmol/L ni. Míta (ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń yẹ ṣúgà wò nílé) mìíràn, pàápàá èyí tí àwọn ọmọ ń fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, mg/dL ló ń kà. Àdúgbò wa nìdílé kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sunkún lórí baba wọn nítorí míta kọ 118, wọ́n sì ti gbọ́ pé 14 ń kó èèyàn sí wàhálà. Ẹ fi 18 pín 118, yóò fún yín ní bíi 6.6. Baba wọn wà dáadáa. Ẹ wo ojú míta yín kí ẹ mọ èdè tó ń sọ. Bí ẹ bá fẹ́ yí mmol/L sí mg/dL, ẹ fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀.

Ibi tí a ń lépa, fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò lóyún, ni 4 sí 7 kí a tó jẹun, kó má sì kọjá 10 ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ. Dókítà lè fi àyè sílẹ̀ díẹ̀ fún arúgbó tàbí ẹni tó ní àìsàn mìíràn, kó sì mú ti aboyún le sí i. Tiyín ni kí ẹ bèèrè, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ríra míta

Ẹ bèèrè iye sitírípù, ìyẹn pélébé tí a ń kì bọ inú míta láti gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀, kí ẹ tó bèèrè iye míta. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa ra míta, sitírípù ni ẹ ó máa rà títí, ti míta kan kì í sì í bá òmíràn ṣiṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Lọ́kọ́ja ló ra míta àkọ́kọ́ fún mi, ó dára lójú, ṣùgbọ́n nígbà tí sitírípù tán, mo rìn gbogbo kẹ́místì Kàbà láìrí irú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ sí kẹ́místì méjì tàbí mẹ́ta nítòsí yín, ẹ wo èyí tí wọ́n ní lórí pẹpẹ nígbà gbogbo, ìyẹn ni kí ẹ rà.

Ẹ ka ọjọ́ tí sitírípù máa kú lára páálí rẹ̀. Ẹ tún ka iye oṣù tí wọ́n ní kí ẹ fi lò ó lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí ìgò, kí ẹ sì fi bírò kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára rẹ̀. Ooru àti ọ̀rinrin ń ba sitírípù jẹ́. Ẹ má ṣe gbé e sí ilé ìdáná, ẹ má gbé e sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, ẹ má sì kó o sínú fíríìjì. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá mú ọ̀kan, ẹ dé ìgò náà kíá.

Bí a ṣe ń gún ìka

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ. Mo mọ̀ pé ó dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, àmọ́ ẹ gbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bó ọsàn fún ọmọ-ọmọ mi, mo nu ọwọ́ mi sára ìró, mo gún ìka. Míta kọ 16.9. Àyà mi já. Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́, mo gún ìka mìíràn, ó kọ 8.3. Omi ọsàn tó wà lára ìka mi ni míta kà mọ́ ẹ̀jẹ̀. Bí kò bá sí omi rárá, ẹ nu ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ kúrò, kí ẹ lo ìkejì. Bó bá sì jẹ́ sípírítì lẹ fi nu ìka, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kí ẹ tó gún un.

Láàárọ̀ ọyẹ́, ìka máa ń tutù, ẹ̀jẹ̀ kì í fẹ́ jáde. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi ń fọ tèmi, màá wá ju ọwọ́ náà sísàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi sitírípù sínú míta kí ó tàn. Ẹ̀gbẹ́ orí ìka ni kí ẹ gún, kì í ṣe àárín gbùngbùn ibi tí a fi ń tẹ nǹkan, torí ibẹ̀ ló máa ń dunni jù. Ẹ rọra ti ẹ̀jẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ìka wá sókè, ẹ má fún un pa, nítorí omi ara lè dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ gbé ẹnu sitírípù sún mọ́ ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fà á mu. Lọ́la, ẹ lo ìka mìíràn.

Abẹ́rẹ́ tí a fi ń gún ìka kì í ṣe ohun tí ọkọ àti aya ń pín lò, ì báà jẹ́ pé ọkàn wọn ṣọ̀kan. Àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B àti kòkòrò HIV lè gba ibẹ̀ kọjá. Inú ike líle tó ní ìdérí ni kí ẹ máa ju èyí tí ẹ ti lò sí, kì í ṣe orí ààtàn tí ọmọdé ń ṣeré. Bó bá kún, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n bá yín sun ún.

Bí míta bá kọ HI, ó túmọ̀ sí pé ṣúgà yín ga kọjá ohun tó lè kà. Bó bá kọ LO, ó ti lọ sílẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ má ka èyíkéyìí nínú méjèèjì sí ìkíni.

Ìgbà wo ni kí a yẹ̀ ẹ́ wò?

Sitírípù wọ́n, gbogbo wa la mọ̀. Ẹni tó ń gún ínsúlínì ní iye ìgbà tí dókítà yóò sọ fún un, kò sì gbọdọ̀ dín in kù fúnra rẹ̀. Fún ẹni tó ń lo oògùn oníhóró, ètò tí nọ́ọ̀sì àgbà yẹn ṣe fún mi ni mo ṣì ń tẹ̀ lé. Àárọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí n tó fi ohunkóhun kan ẹnu, mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, mo máa ń mú oúnjẹ méjì láàárín ọ̀sẹ̀, màá yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lẹ́ẹ̀mejì: kí n tó bẹ̀rẹ̀, àti ní wákàtí méjì lẹ́yìn òkèlè àkọ́kọ́. Ẹ kà á láti ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, kì í ṣe ìgbà tí ẹ parí. Sitírípù méje nìyẹn lọ́sẹ̀, ìgò oní-50 yóò sì gbé yín tó ọ̀sẹ̀ méje. Bí ara yín bá ń gbọ̀n tàbí tí orí yín ń fò, ẹ má ka sitírípù kankan, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀.

Nọ́ńbà ẹyọ kan kò kọ́ni ní nǹkan kan. Bí ẹ bá rí 12 lálẹ́, kí ló fà á? Ṣé oúnjẹ ni? Ṣé 11 ló ti wà kí ẹ tó jẹun? Àfi kí ẹ rí ti ìṣáájú àti ti ìgbẹ̀yìn. Bí oúnjẹ bá gbé e sókè pẹ̀lú 2 tàbí 3, oúnjẹ náà àti ìwọ̀n rẹ̀ bá yín mu. Bó bá gbé e sókè pẹ̀lú 5 tàbí 6, ẹ dín in kù, tàbí kí ẹ pààrọ̀ ohun tí ẹ fi jẹ ẹ́, kí ẹ sì tún un dán wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìwé kíkọ ọmọ ilé-ìwé ni mo ń lò. Mo fa ìlà sí i: ọjọ́, aago, nọ́ńbà, ohun tí mo jẹ àti bó ṣe tó, ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà. Apá tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì. Ọjọ́ tí mo lọ sóko, nọ́ńbà máa ń wálẹ̀. Ọjọ́ tí ibà bá mú mi tàbí tí n kò sùn dáadáa, á gòkè láìjẹ́ pé mo jẹ nǹkan tó yàtọ̀.

Ohun tó wà nínú àwo

Ohun àkọ́kọ́ tí mo dán wò ni iyán. Ọjọ́ Ajé, mo gún un bí mo ṣe máa ń gún un tẹ́lẹ̀, mo jẹ ẹ́ tẹ́rùn pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Kí n tó jẹ ẹ́, 7.4. Lẹ́yìn wákàtí méjì, 13.8. Mo fẹ́ bú sẹ́kún, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì àgbà ní kí n ní sùúrù. Lọ́jọ́bọ̀, ó ní kí n bu iyán tí kò ju ìkúùkù ọwọ́ mi lọ. Ó ní kí n se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ kún ìdajì àwo, kí ẹja tútù méjì wà níbẹ̀, kí n sì kọ́kọ́ fi ṣíbí jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja náà dé ìlàjì kí n tó fọwọ́ kan iyán. Mo rò pé kò ní yó mi, ṣùgbọ́n ó yó mi. Kí n tó jẹ ẹ́, 7.1. Lẹ́yìn wákàtí méjì, 9.6. Iyán kan náà, láti inú iṣu kan náà.

Ìdí tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kò sí oúnjẹ ilé wa tó di èèwọ̀ nìyẹn, ìwọ̀n ló yí padà. Ẹ pín àwo yín sí méjì. Ìdajì jẹ́ ti ẹ̀fọ́: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro, ewédú, ilá, ìgbá, tòmátò, kùkúńbà, kábéèjì. Ẹ pín ìdajì kejì sí méjì. Apá kan fún ẹja, ẹyin, ẹran tí kò lọ́ràá, wàrà tàbí ẹ̀wà. Apá tó kù, tí kò ju ìkúùkù lọ, fún iyán, ẹ̀bà, àmàlà, ìrẹsì tàbí iṣu sísè. Iṣu sísè tó wọn gíráàmù 100 ní bíi gíráàmù 27 ohun tó ń di ṣúgà. Ẹ lè wá rí bí iyán abọ́ ńlá ṣe lè di òkìtì ṣúgà láìjẹ́ pé a fi ṣúgà ẹyọ kan sí i. Ohun tí a bá sì gún kúná tàbí tí a lọ̀ kúná máa ń tètè dà ju èyí tí a jẹ ní gígé lọ, nítorí náà, iṣu sísè àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ máa ń rọ ọ̀pọ̀ lára ju iyán lọ. Ẹ fi míta dán tiyín wò.

Ó dùn mí bí àwọn èèyàn wa ṣe ń náwó lórí ìyẹ̀fun tí wọ́n kọ "ti aláàtọ̀gbẹ" sí lára. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àìpọ́n ní ohun tó ń di ṣúgà nínú, wíìtì ní in, láfún náà ní in. Kò sí òkèlè kankan tí ẹ lè jẹ ní àjẹyó kó má gbé nọ́ńbà sókè. Bí ẹ bá fẹ́ràn ọ̀gẹ̀dẹ̀ àìpọ́n, ẹ jẹ ẹ́, àmọ́ ìkúùkù náà ṣì ni. Ìyá ìdílé kan ní Ìyàrá ń jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ òkìtì méjì lálẹ́ nítorí wọ́n ní kì í ṣe nǹkan kan, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì sọ̀kalẹ̀ fún oṣù mẹ́ta.

Ẹ̀wà ni ọ̀rẹ́ wa tòótọ́. Kì í tètè dà, ó ní èròjà tó ń mú ara le, ó sì pọ̀ lọ́jà. Mọ́ínmọ́ín dára ju àkàrà lọ nítorí epo. Ẹ̀kọ tí a sẹ́ dáadáa ti pàdánù èèpo tó yẹ kó dá ṣúgà dúró, nítorí náà, ẹ má dá a mu pẹ̀lú ṣúgà. Ẹ̀kọ kékeré kan pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín ńlá ni kó jẹ́. Ọkà bàbà tí a lọ̀ tèèpo-tèèpo sàn ju èyí tí a sẹ́ lọ. Gàrí mímu ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù nínú gbogbo wọn: gàrí, omi, ṣúgà, tẹ́ẹ ti gbé e mì láìjẹun kankan mọ́ ọn. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ mu ún, kó jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ kan, láìsí ṣúgà, pẹ̀lú ẹ̀pà àti ẹja.

Iyọ̀ àti kúùbù ìsebẹ̀ kì í gbé ṣúgà sókè, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru sábà máa ń bá àìsàn yìí rìn. Ẹ fi irú, ata àti àlùbọ́sà ṣe adùn.

Ẹ má fo oúnjẹ, pàápàá bí ẹ bá ń lo oògùn bíi glibenclamide tàbí glimepiride. Èyí tó mú mi níwájú pátákó nìyẹn: mò ń lo glibenclamide, n kò sì jẹun tó. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, bí ẹsẹ̀ bá gbé yín, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Mo máa ń lọ kí ìyá mi àgbà ní òpópónà kejì, mo sì ti rí i nínú ìwé mi pé alẹ́ tí mo bá rìn, nọ́ńbà máa ń rẹlẹ̀ ju alẹ́ tí mo jókòó.

Ohun mímu àti èso

Ẹlẹ́rìndòdò ìgò sẹ̀ǹtílítà 50 lè ní gíráàmù 50 ṣúgà nínú, ìyẹn bíi kúùbù ṣúgà méjìlá. Mọ́ọ̀tì kò sàn jù ú lọ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àwọn èèyàn wa ń gbé e fún aláìsàn. Oyin náà ṣúgà ni. Omi ni ohun mímu wa, tàbí sóbò tí ẹ sè fúnra yín láìfi ṣúgà sí i.

Èso kò burú, ẹ jẹ ẹ́ lódindi, ẹ má fún omi rẹ̀ mu. Ọsàn kan, ègé ìbẹ́pẹ kan, mángòrò kékeré kan tó fún ìgbà kan. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kajú bá ń já lulẹ̀ kárí oko wa, ọwọ́ máa ń yá láti mu omi rẹ̀ láìkà iye. Ẹ jẹ ọ̀kan tàbí méjì. Ẹ̀kúnwọ́ kékeré kóró rẹ̀ tí a yan láìní iyọ̀ dára fún ìpápánu.

Ẹmu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dùn nítorí ṣúgà wà nínú rẹ̀, èyí tó ti kan sì ní ọtí. Ọtí lè já ṣúgà wálẹ̀ lójijì lára ẹni tó ń lo ínsúlínì tàbí glibenclamide, pàápàá láìjẹun. Ẹlòmíràn á sì rò pé ó ti yó ni, kò ní mọ̀ pé ó ń kú lọ.

Àríyá, ìsìnkú àti ààwẹ̀

Lọ́jọ́ àríyá, ẹ má lọ pẹ̀lú ebi. Ẹ jẹ ẹ̀wà díẹ̀ nílé. Níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fún yín lẹ́ran àti ẹ̀fọ́ kún, kí ìrẹsì jẹ́ ìwọ̀n ìkúùkù, kí wọ́n fi omi rọ́pò ẹlẹ́rìndòdò. Bí wọ́n bá bínú, ẹ sọ fún wọn gbangba pé àìsàn ń ṣe yín. Èmi ń sọ ọ́. Àwọn méjì ló tẹ̀ lé mi jáde níbi ìsìnkú kan láti sọ fún mi pé àwọn náà ní in, àwọn ò kàn sọ ọ́ síta.

Ní ti ààwẹ̀, ì báà jẹ́ ti Ràmàdánì tàbí ti ọlọ́jọ́ 21 tí ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń gbà ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ẹ lọ rí dókítà ṣáájú ọ̀sẹ̀ díẹ̀, torí ó lè ní láti yí àkókò àti ìwọ̀n oògùn padà. Bí ṣúgà bá lọ sísàlẹ̀ 4, tàbí tó kọjá 16.6, ẹ já ààwẹ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ní oríṣi kìíní, aboyún, àti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ní ìṣòro kò gbọdọ̀ dá a gbà láìgba ìmọ̀ràn.

Bó bá lọ sílẹ̀ jù

Ìwárìrì, òógùn tútù, ebi òjijì, àyà tó ń lù kìkì, ìbínú láìnídìí, ọ̀rọ̀ tó ń dàrú lẹ́nu. Bí míta bá fi ohun tó wà lábẹ́ 4 hàn, tàbí tí kò sí míta níbẹ̀, ẹ ṣe èyí lójú ẹsẹ̀: ẹ po ṣíbí tíì mẹ́ta ṣúgà mọ́ omi díẹ̀, ẹ mu ún, tàbí kí ẹ mu ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò sẹ̀ǹtílítà 50. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tíì tó 4, ẹ tún un ṣe. Bó bá ti gòkè, ẹ jẹ oúnjẹ gidi. Mo máa ń ní kúùbù ṣúgà mẹ́rin nínú báàgì mi, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi mọ ibi tó wà.

Bí ẹni náà bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, kò gbọdọ̀ jẹ́ omi, kò gbọdọ̀ jẹ́ epo. Yóò wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tí glibenclamide mú lọ sílẹ̀ sì yẹ kó lọ síbẹ̀ bí ara rẹ̀ bá tiẹ̀ ti yá, pàápàá àgbàlagbà, nítorí ṣúgà náà lè tún já wálẹ̀ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ nìyí: bí ṣúgà bá ń wà lókè 15 láìsọ̀kalẹ̀, tí èèyàn sì ń bì, tí inú ń run ún, tó ń mí kìkì, tí èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù, tàbí tó ń tòògbé, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọ̀la. Ẹni tó ń gún ínsúlínì kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí pé kò lè jẹun.

Oògùn, àgbo, àti fíríìjì tí kò ní iná

Metformin, oògùn oníhóró kan fún àtọ̀gbẹ, pẹ̀lú oúnjẹ tàbí gẹ́rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ lò ó. Ó lè da inú rú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sábà máa ń rọlẹ̀. Ẹ má dá a dúró, ẹ sọ fún dókítà.

Mo bọ̀wọ̀ fún ewé àti egbò, inú ilé wọn ni wọ́n ti tọ́ mi. Àmọ́ mo ti rí ẹni tó ju oògùn nù nítorí àgbo, tó sì padà wá pẹ̀lú ọgbẹ́ ẹsẹ̀ tí kò jinná. Ewúro dára nínú ọbẹ̀. Kò rọ́pò oògùn. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀, nítorí àwọn kan ń ba kíndìnrín jẹ́, àwọn mìíràn sì lè mú ṣúgà já wálẹ̀ pẹ̀lú oògùn.

Ínsúlínì tí ẹ kò tíì ṣí, fíríìjì ni ilé rẹ̀, kó má sì dì. Èyí tí ẹ ń lò lọ́wọ́ lè wà níta fún nǹkan bí ọjọ́ 28 níbi tó tutù, tí oòrùn kò dé. Níbi tí iná kì í dúró, ìkòkò amọ̀ ńlá kan àti kékeré kan nínú rẹ̀, pẹ̀lú yanrìn tútù láàárín wọn àti aṣọ tútù lórí, máa ń mú inú rẹ̀ tutù púpọ̀. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa, ló sọ ọ̀nà yìí di ìlò fún àwọn àgbẹ̀ láti tọ́jú ẹ̀fọ́ láyé 1990s. Ẹ fi ínsúlínì sínú ọ̀rá kí omi má kàn án.

Ẹsẹ̀, ojú, àti ọjọ́ ìpadàlọ

Lálálẹ́, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka, ẹ lo dígí tàbí kí ọmọ bá yín wò ó. Ẹ má rìn lẹ́sẹ̀ lásán lóko, ẹ má sì fi omi gbígbóná gbọn ẹsẹ̀ tí kò mọ ooru mọ́. Ọgbẹ́ tó bá ti pé ọjọ́ méjì láìfi àmì jíjinná hàn, ilé ìwòsàn ni. Ojú àti kíndìnrín, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán. Ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ. HbA1c, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta títí yóò fi dúró déédéé, lẹ́yìn náà oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Bí kò bá sí i nítòsí yín, ẹ bèèrè ní ilé ìwòsàn ìjọ ECWA tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́ja, kí ẹ pè kí ẹ tó gbéra.

Ẹ mú ìwé kíkọ yẹn dání lọ́jọ́ ìpadàlọ, ẹ mú míta náà dání, ẹ kó gbogbo oògùn yín sínú ọ̀rá kan. Dókítà kì í ní àyè púpọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó wọlé, ẹ ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ibi tí nọ́ńbà ti ga lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀ léra ní àkókò kan náà, bí àárọ̀ tàbí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ẹ na ìka síbẹ̀, kí ẹ sì bi í pé: "Dókítà, ibi tó ń yọ mí lẹ́nu rèé. Ṣé oúnjẹ ni kí n yí ni, àbí oògùn?"